Ògiri Tí Kò Dí Ohùn Lọ́nà

Nígbà tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ sọ fún mi pé àpótí kékeré kan wà tó lè sọ fún àpótí mìíràn, láìsí wáyà láàárín wọn, pé olè ti ṣílẹ̀kùn, mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Mo ti ń tún rédíò ṣe lọ́dọ̀ bàbá mi ní Takie, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti tó orí tábìlì, mo sì mọ̀ pé ohùn máa ń gba ojú ọ̀run wá láti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ń sọ̀rọ̀ bí ilé iṣẹ́ rédíò, ìyẹn ṣàjèjì sí mi.

Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni ọ̀gá mi yìí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ àláàmù ní Èkó fún ọdún mélòó kan kó tó padà wálé. Àbúrò rẹ̀ ló ń fi àwọn àpótí náà ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Nígbà tó ń wá ẹni tó mọ ìdí rédíò, bàbá mi ní kó mú mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Obìnrin?" Bàbá mi ní, "Ẹ gbé rédíò tó bàjẹ́ fún un ná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá bi mí bóyá obìnrin ni." Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn.

Ìgbà sáàpù ni, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra. Ọjà gbówó lérí, iṣẹ́ wọ́n, àwọn adigunjalè sì ń wọlé onílé kí ilẹ̀ tó ṣú pàápàá. Àwọn tó ní nǹkan lọ́wọ́ ń wá ohun tí wọn yóò fi ṣọ́ ilé wọn. Àpótí ńlá kan ni à ń gbé sínú yàrá, òun la máa ń pè ní ìyá. Àwọn kéékèèké tí à ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ni ọmọ. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ọmọ á ké sí ìyá, iná pupa á tàn lójú ìyá, fèrè tí a kàn mọ́ ara ilé níta á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bátìrì ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́, nítorí náà bí iná lọ, bí iná wà, kò kàn án.

Lórí tábìlì, iṣẹ́ náà dùn ún wò. Inú ilé àtijọ́ ni ojú ti tì wá. Ilé alámọ̀ kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ la ti kọ́kọ́ rí i. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé àgbàlagbà lè jókòó sí ojú fèrèsé kó ká ẹsẹ̀ kò. A ṣí ilẹ̀kùn, a tì í, ọmọ ń ké, ìyá kò gbọ́. Onílé dúró tì wá, ó káwọ́ sẹ́yìn. Amọ̀ gbé ohùn náà mì ráúráú. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá ọ̀nà kiri kí n tó rántí pé ògiri kì í kan páànù. Mo gun àkàbà, mo fa okùn wáyà kan gba orí ògiri lábẹ́ páànù, láti ìdí ìyá bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìgbà náà ló tó gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá mi ti ń pè mí ní Ẹ́ńjìníà, mo sì mọ̀ pé mo ti di ẹni tó wúlò. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ìgbà tá a fi máa dé Ọ̀yọ́, mo ti mọ bí ògiri amọ̀ ṣe máa ń ṣe sí ohùn. N kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Àlàájì tó pè wá sí Ọ̀yọ́ ń ta páàtì mọ́tò. Ọkùnrin tó tóbi fìrìgbọ̀n ni, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ilé tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Wọ́n ti rẹ́ símẹ́ńtì mọ́ ara ilé náà, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà ewéko, ṣùgbọ́n amọ̀ ló wà nínú. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, olè wọlé nígbà tí Àlàájì àti ìyàwó rẹ̀ lọ kí ìrun Mògàríbì ní ìrọ̀lẹ́, àwọn olè náà bá ìyá náà nìkan, wọ́n sì fi ìborùn ara rẹ̀ dè é lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni Àlàájì ti pàṣẹ pé bí òun bá ti jáde, kí ìyàwó òun máa ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ìyá náà títí òun yóò fi dé. Kò fi ìyà jẹ ẹ́. Ìfẹ́ ni. Ó sọ ọ́ fún wa pẹ̀lú omijé lójú.

"Yàrá ìyá mi ni kẹ́ ẹ gbé ìyá àpótí yín sí," ló wí. "Kò síbi tó lágbára tó ibẹ̀ nínú ilé yìí. Ògiri yẹn, ìbọn kò lè gbà á kọjá."

Ìyá àgbà náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì onírin nígbà tá a wọlé, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ etí rẹ̀ mú. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà." Ó ní kí n máa bọ̀, ó fọwọ́ kan orí mi, ó kan ìborí tí mo fi di irun, ó kan ṣòkòtò tí mo wọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Obìnrin ni wọ́n rán wá," ó ní. "Ó dáa. Obìnrin máa ń fetí sílẹ̀."

A bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Ọ̀gá mi dúró ti ìyá àpótí, èmi ń lọ láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn, mò ń ṣí, mò ń tì. Láti ẹnu ọ̀nà iwájú, kò gbọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ díẹ̀, ó tún dákẹ́. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa tún gun àkàbà nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Mo ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré. Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá mi láti inú yàrá pé, "Ó tàn! Ògo ni fún Ọlọ́run. Tún un ṣe." Mo tún un ṣe. Ó tàn. Mo rìn lọ sí ìdí ṣáláńgá lọ́hùn-ún, mo gbé ọmọ náà lọ́wọ́, ìyá àpótí sì ń gbọ́ mi kedere.

Inú ọ̀gá mi dùn. Inú tèmi kò dùn. Ògiri tó wà láàárín yàrá ìyá àgbà àti ẹ̀yìnkùlé ni ohùn náà ń gbà, òun ló sì nípọn jù nínú ilé náà. Mo ti fi apá mi wọ̀n ọ́n lójú fèrèsé: láti orí ìka mi títí dé òkè ìgúnpá, ó ṣì kù. Ògiri tín-ín-rín ń dí ohùn, èyí tó nípọn wá ń jẹ́ kó kọjá. Mo fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri iwájú, ó dún bí òkúta. Mo kan èyí, ó dún bí igbá.

Mo mú dírìlì ọlọ́wọ́, mo sọ fún ara mi pé ojú ìṣó ni mo fẹ́ lu. Símẹ́ńtì le ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà dírìlì já wọlé lójijì títí dé ìdí, ọwọ́ mi sì gbá mọ́ ògiri. Nígbà tí mo fà á jáde, ekuru pupa dà tẹ̀lé e, ó gbẹ, ó fúyẹ́, ó ń dà bí èlùbọ́ tó ń jò láti inú àpò. Ikán funfun méjì bá a jáde.

Mo pe ọ̀gá mi wá sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi hàn án. Ó wẹ̀yìn wò bóyá Àlàájì ń bọ̀.

"Ẹ́ńjìníà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "àláàmù la wá fi sí i, a kì í ṣe bíríkìlà. Tó o bá sọ fún ọkùnrin yìí pé ògiri bàbá bàbá rẹ̀ kò dáa, á ní a fẹ́ ba ilé òun jẹ́ ni. Ó ti wà tipẹ́. Òní kọ́ ló máa wó."

N kò jà. Èyí ni mo fẹ́ sọ láìfi bò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí àwọn èèyàn yóò ṣe gbà pé mo mọṣẹ́, n kò sì fẹ́ kí ilé àkọ́kọ́ tá a wọ̀ ní Ọ̀yọ́ di ilé àríyànjiyàn. Mo po símẹ́ńtì díẹ̀ lórí pákó, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ sínú ihò náà, mo sì fi omi nu ojú rẹ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀.

A gbé ìyá àpótí kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá, a lẹ ọmọ kan mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, mo kan fèrè mọ́ iwájú ilé, a sì fi ìyókù sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Nígbà tá a fẹ́ máa lọ ní ìrọ̀lẹ́, mo wọlé lọ dágbére fún ìyá àgbà. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, ìwọ náà gbọ́ ọ, àbí?"

"Kí ni, mà?"

"Àwọn tó ń jẹ nǹkan nínú ògiri. Bí ẹni ń họ àgbàdo gbígbẹ. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń sọ fún wọn. Wọ́n ní etí ogbó ni."

Mo ní, "Ó dàárọ̀, mà." Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Bí mo ṣe jáde, ìyàwó Àlàájì, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbójú sókè, ti ilẹ̀kùn náà, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀, torí Àlàájì ń lọ sí mọ́sáláṣí.

A padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo jí ní ìdájí, òjò ń rọ̀, òjò tó dúró dáadáa, tí kò kánjú. Mo dìde jókòó. Ohun tí mo rí lójú mi kì í ṣe ògiri. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró obìnrin yẹn ni.

N kò lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá débẹ̀, á tún bá mi sọ̀rọ̀, màá sì tún gbọ́. Mo wọ ọkọ̀ ní Takie, nínú òjò, mo sì dé Ọ̀yọ́ nígbà tí Àlàájì ń múra àtilọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà àbáwọlé.

"Ọ̀gá rẹ dà?" ó bi mí.

"Wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, sà."

"Ó mọ̀ pé o wá?"

"Rárá, sà. Àlàájì, ògiri yàrá ìyá kò ní nǹkan kan nínú. Ikán ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá jáde níbẹ̀."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Wọ́n ti mọ ògiri yẹn kí wọ́n tó bí bàbá tó bí ọ. Ìwọ tó o wá kan fèrè mọ́lé ni wàá wá kọ́ mi ní ilé mi?"

Mo bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó fún mi ní ọ̀bẹ ìdáná àti ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń so kọ́tìnnì. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ mú wọn wá. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, Àlàájì tẹ̀lé mi, ó ń bínú. Ẹsẹ̀ ògiri náà ti mu omi, ó dúdú. Mo fi ọ̀bẹ họ símẹ́ńtì tí mo fi dí ihò lánàá, mo sì kó ọ̀pá irin náà lé e lọ́wọ́.

"Ẹ tì í bọ̀ ọ́ fúnra yín, sà."

Ó tì í. Irin náà ń lọ. Ó ń lọ láìsí ohun tó dá a dúró, bí ẹni ki ọwọ́ bọ àpò, títí ìka rẹ̀ fi kan ògiri. Ó dúró síbẹ̀. Mo rí i tí ìbínú kúrò lójú rẹ̀, kò sì sí ohun tó rọ́pò rẹ̀. Ojú náà kàn ṣófo. Ó fa irin náà yọ, ó wo ekuru tó ń dà, ó wẹ̀yìn wo fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. N kò tíì rí ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kó sáré rí.

Ìyá àgbà ti wọ bàtà rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa láti ojú fèrèsé. Àlàájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì pọ̀n ọ́n bí ẹni pọn ọmọ. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ mi ni mo gbọ́ tí ìyá náà ń sọ lẹ́yìn ọrùn ọmọ rẹ̀ pé, "Ọdún méjì. Odidi ọdún méjì." Ìyàwó Àlàájì tẹ̀lé wọn jáde, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn náà bó ṣe máa ń tì í lójoojúmọ́. N kò rò pé ó mọ̀ pé òun tì í.

Wọ́n gbé ìyá jókòó sí ìta níwájú ilé, wọ́n sì ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Bíríkìlà kò tíì dé. Òjò ti dá, oòrùn ti yọ, àwọn ọkùnrin àdúgbò ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Àílà, ìrun ọ̀sán. Nígbà tí ògiri náà wó, ariwo tí mo gbọ́ kò pọ̀ rárá. Ohun tó tún bà mí lẹ́rù nìyẹn. Mo ti rò pé ògiri tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ yóò ró bí ààrá. Ó kàn dún gbì, bí ẹni sọ àpò èlùbọ́ kalẹ̀. Ekuru pupa jáde láti orí òrùlé, ó rọra bò wá. Lẹ́yìn náà ni fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dún, nítorí ògiri náà ti fa ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tu bó ṣe ń lọ. Àwọn èèyàn gbé kóńdó, wọ́n gbé àdá, wọ́n ń sáré bọ̀ wá mú olè. Gbogbo wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá, kò sì sẹ́ni tó lè ṣàlàyé fún wọn.

Mo wọlé. Ìyàwó Àlàájì ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn yàrá náà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Ó ṣí i, a sì rí ẹ̀yìnkùlé gbangba, a rí ojú ọ̀run, a rí adìyẹ tó ń rìn lórí òkìtì amọ̀. Òkìtì náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Irin bẹ́ẹ̀dì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. A kò rí ìrọ̀rí, a kò rí ẹní ìkírun. Obìnrin náà wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó sì jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Èmi náà jókòó tì í. Fèrè ń dún, n kò sì lè rántí bí wọ́n ṣe ń pa á, èmi tí mo kàn án mọ́lé fúnra mi.

Ọ̀gá mi ló wá pa á. Ó ti wá mi lọ sílé, wọ́n sọ fún un pé mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì tẹ̀lé mi. Nígbà tó rí òkìtì náà, ó ṣí fìlà, ó lọ dúró ní kọ̀rọ̀, ó kọjú sí ògiri.

Gbogbo àdúgbò ń sọ fún mi pé, "O kú iṣẹ́, o kú ewu, Ọlọ́run ló rán ọ." Mo gbọ́ ọ títí n kò lè gbọ́ ọ mọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, níbi tí Àlàájì jókòó tì í. Mo ní, "Ẹ má yìn mí, mà. Àná ni mo ti mọ̀. Èmi ni mo dí ihò náà. Ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú, mo sì mọ̀."

Àlàájì gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Mo rò pé yóò lé mi jáde, bó bá sì lé mi, n kò ní bínú.

Ìyá àgbà ló sọ̀rọ̀. "Àná lo mọ̀, òní lo sọ. Mo ti sọ ọ́ fún ọdún méjì fún ẹni tí mo fún lọ́mú." Kò gbé ohùn sókè. Àlàájì doríkodò. Lẹ́yìn náà ìyá náà na ọwọ́, ó wá ojú mi kiri títí ó fi kàn án. "Ṣùgbọ́n má tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn," ó ní. "Òru àná gùn."

Ó gbọ́ bí ikán ṣe ń jẹ ògiri, ó mọ̀ pé mo gbọ́, ó sì sùn síbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ara mi máa ń tutù.

Wọ́n wó ìyókù ẹ̀yìn ilé náà, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ. A padà lọ parí iṣẹ́ wa lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọ̀gá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ náà rí, àmọ́ ní gbogbo ilé àtijọ́ tá a tún wọ̀ lẹ́yìn náà, òun ló máa ń kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri kí n tó já ẹrù. Onílé méjì bínú sí wa nítorí èyí. Ọ̀kan tiẹ̀ lé wa jáde, ó ní a wá wá àlèébù sílé òun. Ọ̀gá mi dúró lójú pópó, ó sì sọ fún un láti ibẹ̀, tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn, ibi tí ògiri rẹ̀ ti ṣófo.

Mo máa ń yà kí ìyá àgbà bí iṣẹ́ bá gbé mi dé Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, ó jókòó sínú yàrá tuntun, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó sì ń ráhùn. Ó ní yàrá búlọ́ọ̀kù ń mú ooru bí ààrò, ó ní amọ̀ ló tutù, ó ní ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ilé kọ́. Àlàájì ń ka ìwé nítòsí. Ó gbé ìwé sílẹ̀, ó dìde, ó sì lọ ṣí fèrèsé méjèèjì.